Àlejò Kì Í Jíṣẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ara mi kì í gba ìdúró. Ìyá mi ní Ìlọ́fà a máa sọ pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná, èmi ti lọ fọwọ́. Irú èmi yìí ni Ọlọ́run wá fi sábẹ́ Àlájà.

Àlájà ni igbákejì ọ̀gá àgbà ní ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Ọ̀sì, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ń kógbá sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó ń kọ́ ọmọ àwọn tó ti kọ́ rí. Bí o bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, o ò ní sọ ohun tó gbé ọ wá. O máa jókòó. O máa mu omi. Ó máa béèrè bàbá rẹ, ó máa béèrè ìyá rẹ, ó máa béèrè bí òjò ṣe ń ṣe sí lápá ọ̀dọ̀ yín. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa tó bi ọ́ pé kí lo bá wá. Lọ́jọ́ kan mo sáré wọlé láti sọ fún un pé àgùntàn ti wọ oko àgbàdo ilé-ìwé. Ó ní kí n jókòó. Kí n tó mu omi tán, kí n tó sọ bí ara ìyá mi ṣe le sí, àwọn àgùntàn ti jẹun yó, wọ́n ti lọ. Kò kábàámọ̀ rárá. Ó ní àgbàdo a tún hù.

Òun ló tọrọ kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé wa. Nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀sì tó wà lókè òkun wálé ọdún Iléyá, ó dìde nínú ìpàdé wọn, ó ní inú àwòrán nìkan ni àwọn ọmọ òun ti ń rí kọ̀ǹpútà, àti pé ojú ń ti òun. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn fi kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ránṣẹ́, àlòkù méjèèjì. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló para pọ̀ ṣe é, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Àlájà, ó ní àwọn tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ nìyẹn, bí ìgbà tí abúlé bá kó ara wọn jọ láti bá ẹnì kan ro oko. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ya aláìgbọràn. Bí a bá ní kó tẹ ìwé, ìlà àkọ́kọ́ á jáde bó ṣe yẹ. Ìlà kejì á wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ parí sí, ìkẹta á tún sún sọ́tùn-ún, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn títí ọ̀rọ̀ á fi rìn jáde kúrò lórí ìwé. Mo fa okùn rẹ̀ yọ, mo tún un kì. Mo bú u. Àtẹ̀gùn náà ló ń tẹ̀ jáde.

Ọ̀gá àgbà pe èmi àti Àlájà. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ohun tí kò wúlò. Ó ní káńsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ti ń béèrè kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ òun, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè tẹ ìbéèrè ìdánwò táàmù yìí, kí wọ́n wá gbé e máa lọ. Ìgbà tí a jáde sábẹ́ igi máńgòrò ni Àlájà tó yà sọ́dọ̀ mi. Tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún dọ́kàn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á lọ, Yorùbá inú ìwé rẹ̀ á lọ, á wá ku èdè ilé wa, èyí tó ń pe ilé ní ulé.

"Ẹnu mi ni mo fi tọrọ rẹ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá gbé e kúrò ulé yìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹni tó fún mi?"

Ọdún yẹn gan-an ló máa fẹ̀yìn tì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mi ò rí i rí kí ojú tì í tó báyìí.

Ọmọ Ọ̀sì tó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ ti sọ fún wa pé àwọn tó ń ṣe ètò yẹn ní ojúde kan tí wọ́n ti ń pàdé lórí ímeèlì. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń kà á. Àṣà wọn sì ni pé kí ẹni tuntun kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kò sí fóònù ní Ọ̀sì nígbà náà, ká má tíì wá sọ ti ímeèlì, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni mò ń lọ kàwé kún ìwé ní Ìlọrin, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan sì wà níbẹ̀ tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ibẹ̀, kí n sì kó èsì wọn sínú dísìkì bọ̀ wálé.

Mo kọ tèmi kíá, kò ju ìlà mélòó kan lọ: orúkọ mi rèé, ẹ̀rọ wa rèé, àtẹ̀gùn ló ń tẹ̀, ẹ gbà wá. Àlájà kà á, ó sì da ojú ìwé náà dé orí tábìlì.

"Ṣé wàá wọ ulé onílé, o ò kí wọn, wàá ní kí wọ́n gbé nǹkan wá?"

Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí àwọn tó dàgbà láàárín wọn lọ́tọ̀. Ó sọ ibi tí Ọ̀sì wà, ó sọ pé ilẹ̀ iṣu ni, pé àwọn òbí àwọn ọmọ wa ń ṣàgbẹ̀, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ẹni tí èmi jẹ́. Ó béèrè àwọn ìyá wọn, ó béèrè àwọn ọmọ wọn. Ó dúpẹ́ fún ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì náà dùn létí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí ìsàlẹ̀, ìlà kan péré. Ó kọ̀.

"Àlejò kì í jíṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. "Tí wọ́n bá ti fún wa lómi, wọ́n á bi wá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó èsì bọ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, mo sì ń kà á sí i létí. Àwọn ènìyàn láti ìlú tí a ò dé rí kí wa káàbọ̀. Ọ̀kan ní òun ò rí ẹni tó béèrè ìyá òun rí ní ojúde yẹn, pé ara ìyá òun le, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Òmíràn fẹ́ mọ bí iṣu ṣe rí. Ẹnì kan ní ìwé wa ti gùn jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí a bá wá. Àlájà ní wọ́n á béèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ béèrè? Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dákẹ́ kò ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó dákẹ́ ń retí kí onílé bi í ni. A jókòó sí ojúde wọn, à ń retí, wọ́n sì rò pé ìjókòó náà ló dùn mọ́ wa.

Sátidé ń gorí Sátidé. Àwọn ẹni tuntun mìíràn ń wọlé, wọ́n ń béèrè bí èmi ì bá ti béèrè, láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan rí èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó béèrè tirẹ̀, ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ sì dá a lóhùn pé kó lọ ka ìwé ìlànà, pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. A ò gbúròó akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ́. Èyí dun Àlájà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwa lọ. Ó ní ta ni í lé àlejò padà sílé pé kó lọ kàwé kó tó jókòó. Ó kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ náà níwájú gbogbo wọn, ó kí i káàbọ̀, ó béèrè ilé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún ìbéèrè rẹ̀ sọ, òun gbà pé ẹnì kan níbẹ̀ máa ràn án lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wá, ẹnì kan sì ràn án lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tuntun tó wọ ojúde yẹn tí ìyá yìí kò kí. Ó máa bi wọ́n bí ilé ṣe wà, á wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n bá wá. Èmi ni mò ń gbé e lọ sí Ìlọrin, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìlú wọn àti àwọn ará ilé wọn kí wọ́n tó sọ ìṣòro wọn, àwọn mìíràn a sì máa kí ìyá tó wà ní Ọ̀sì. Àní ọkùnrin onílà-kan yẹn, mo fi ojú mi rí i tó kí ẹnì kan káàbọ̀, tó béèrè ibi tó ti wá, kó tó ní kó lọ ka ìwé ìlànà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ìdánwò ti sún mọ́lé, ọ̀gá àgbà sì ti ní kí wọ́n lọ wá síténsùlù tí a fi ń tẹ ìdánwò tẹ́lẹ̀. Inú bí mi. Mo sọ fún Àlájà pé a ti kí gbogbo ayé tán, ó ku àwọn òkú. Kò bínú. Ó fi ìjókòó hàn mí, ó sì bu omi fún mi.

"Bí a bá tọrọ lọ́jọ́ tí a dé, alágbe ni wọ́n mọ̀ wá sí," ó ní. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ di ará ulé."

Mo mu omi náà torí pé àgbà ló bù ú. Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo dìde.

Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, ó ní òun ń bá mi lọ. A wọ ọkọ̀ gba Ọ̀mù-Àrán, mo sì mọ̀ pé àyà ń já òun náà. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, mo ṣí ímeèlì, mo bá ìwé kan tí wọ́n kọ sí Àlájà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ètò kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ gan-an ló kọ ọ́, ẹni tí kì í dédé sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní: ìyá, ẹ ti béèrè àlàáfíà gbogbo wa, ẹ sì ti bi olúkúlùkù ní ohun tó bá wá. Mo wá a títí, mi ò rí ẹni tó bi ẹ̀yin. Kí lẹ bá wá?

Àlájà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà.

"Ó yá, Tíṣà," ó ní. "Jíṣẹ́."

Mo tẹ ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn wa, mo sì fi ránṣẹ́. A lọ kí ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Nígbà tí a padà dé, èsì ti wọ́ tìrítìrí. Ohun tó ń ṣe wá kì í ṣe ohun tuntun, kò sì le. Àtẹ̀gùn náà ni àwọn gan-an ń pè é. Onílà-kan ló kọ èyí tó gùn jù. Ó to ohun tí a máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìlà ní ìlà, ó ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí, kò sì dárúkọ ìwé ìlànà kankan. Ó ní ká bá òun kí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí obìnrin yìí ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Ká ní ìlà mélòó kan tèmi la fi ránṣẹ́ ni, ìwé ìlànà ni wọn ì bá ní ká lọ kà, a ò sì ní ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti wí. Ìlà àkọ́kọ́ jáde, ìkejì padà sí apá òsì, ó dúró gbọnrangandan sábẹ́ rẹ̀, gbogbo yòókù tẹ̀ lé e. Mo sáré mú ìwé náà lọ fún ọ̀gá àgbà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti ránṣẹ́ sí káńsù, pé ọkọ̀ wọn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ojú tì í, ó sì rántí pé òun ní kíláàsì.

Àlájà ló gbà wọ́n lálejò. Òṣìṣẹ́ káńsù kan ni, àgbàlagbà, pẹ̀lú àwọn alágbàṣe méjì, okùn ńlá sì wà léjìká ọ̀kan. Ó fún wọn níjòókòó. Ó bu omi fún wọn. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó béèrè bóyá òjò pa wọ́n lọ́nà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké lápá kan, ìbéèrè ìdánwò ń jáde, èmi ń gbà wọ́n, mò ń tò wọ́n lé ara wọn lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n mu omi tán, Àlájà dojú kọ ọkùnrin náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó bi í pé kí ni wọ́n bá wá.

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ife omi tó ṣì mú dání.

"Kò sí o, Àlájà," ó ní. "A ní ká yà kí yín ni."

Àlájà dúpẹ́ gan-an pé wọ́n rántí wa, ó sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀.