Kọ̀ǹpútà Tuntun Kò Mọ Ọkọ Mi

Òórùn àgbàdo tó jóná ló máa ń mú mi rántí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dá ọ̀rọ̀ ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ilé wa ní Osi níbí ni. Ọjọ́ kejì ni a ó sọ ọmọ-ọmọ mi tuntun lórúkọ, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò lè jókòó lójú kan.

Ọkọ mi tó ti dolóògbé, olùkọ́ ni. Nígbà ayé rẹ̀, ó ṣe ètò kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, ibẹ̀ ló to orúkọ àti oríkì ìran wọn sí, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dá oko sílẹ̀ yìí. Kò sí níbòmíràn. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n lórí ti lọ tán, ibẹ̀ la sì ti fẹ́ mú oríkì ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin mi wá kó ètò náà sínú kọ̀ǹpútà tuntun tó gbé ti Ìlọrin bọ̀. Mo da àgbàdo sórí iná, mo fa àga sún mọ́ ọn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Dípò orúkọ, ìbéèrè ló yọ. Ó kà á fún mi pé kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ṣe ètò yìí, ètò náà sì fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣé kí òun gbà á láyè?

Inú bí mi. Ẹni tó kọ́ ìdajì ọmọ Osi níwèé ni wọn ò mọ̀? Mo ní kó tẹ rárá, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé a bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀ pa dé. A tún ṣí i, ìbéèrè kan náà ló tún bi wá. Àyà mi já: àbí mo ti fi ìbínú sọ oríkì ọmọ nù?

Ọmọ mi ní, “Màmá, kò bú bàbá wa o. Nígbà tí wọ́n ṣe ètò yìí, ìlẹ̀kùn kì í tì nínú kọ̀ǹpútà. Tààrà ni àwọn ètò máa ń wọ yàrá inú. Olè ló jẹ́ kí wọ́n máa tìlẹ̀kùn báyìí. Ètò tòde òní ń mú ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́, pálọ̀ ló sì ń dúró sí. Ti bàbá ò ní ìwé kankan, yàrá inú náà ló ṣì ń lọ.”

Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo rántí ọjọ́ kan. Ìgbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní agboolé yìí, ọkùnrin kan tó ti hu ewú ti Àbíjàn dé. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó kọjá pálọ̀, ó kọrí sí yàrá inú. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo na orógùn sí i láyà pé ọmọ ta ni.

Ó ní, “Èmi ni mo bá wọn po amọ̀ ilé yìí, ìyàwó.”

Àbúrò bàbá ọkọ mi ni! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi jáde wá, ó ní ẹni wa ni, kí n jẹ́ kó wọlé. Ó ní ìyàwó tó ń béèrè ni olè ń sá fún.

Mo wá bi ọmọ mi pé ọwọ́ ta ni ètò náà gbà kọjá. Ó ní látinú kọ̀ǹpútà bàbá òun ni òun fọwọ́ ara òun yọ ọ́, kí ìyẹn tó bàjẹ́; àjèjì kankan ò fọwọ́ kàn án. Ìyẹn tó mi. Èmi fúnra mi ni mo na ìka, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí abà tó kún fún iṣu. Ọmọ mi ń kà wọ́n, mo dìde, mò ń ki wọn tẹ̀ lé e, títí àgbàdo fi di èédú.

Ọmọ-ọmọ mi náà ti ń sáré kiri báyìí, ó sì ń jẹ́ oríkì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá ṣí ètò náà ni kọ̀ǹpútà ṣì ń béèrè. Mi ò bínú mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní òun bá wa po amọ̀ ló jẹ́ ẹni wa, nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá béèrè nípa nǹkan mìíràn, èmi náà á kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ọkọ mi, màá dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “O ṣeun, ìyàwó. Ẹni wa ni.”