Ìpínlẹ̀ Asisat

Ẹni tó bá fẹ́ kí Asisat, ọmọ Sàláwù aránṣọ ní Òkè-Ọdẹ, á dúró jìnnà díẹ̀, nítorí ọwọ́ ọmọ náà máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Wọ́n ta òkòtó, ó jà. Wọ́n bù ú ní gúgúrú, ó ní ó kéré, ó jà. Nígbà tó fi dé kíláàsì kẹta, kò sí ọmọ tó ń bá a ṣeré mọ́. Ìyẹn náà ń bí i nínú, ó sì ń torí ẹ̀ jà.

Lọ́dún tí ìjọba pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, tíṣà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bó ti jáde báyìí, àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, wọ́n gé igun kan àti bẹ́ǹṣì kan fún Asisat.

Ọlágúnjú, mọ́nítọ̀ wọn, ní, "Ìpínlẹ̀ tìẹ nìyí. Ìwọ ni gómìnà. Jọ̀ọ́, má kọjá ìlà."

Asisat rò ó wò. "Àwọn ará ìlú mi dà?"

Wọ́n gbà pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n fi Rúùtù, ọmọ pásítọ̀, ta á lọ́rẹ. Látìgbà ọyẹ́ tí ìyá Rúùtù ti kú, kò sọ̀rọ̀ níléèwé mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é ṣeré títí, ó sú wọn. Ọmọ mẹ́rin gbé e tòun ti bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Kò janpata.

"Dìde, kí gómìnà rẹ!"

Rúùtù kàn ń wò ó. Asisat gbá a létí.

"Ṣé o ti ṣe tán?" ni Rúùtù bi í.

Kíláàsì hó yèè pé Rúùtù sọ̀rọ̀. Tíṣà sáré wọlé. "Ta ló mú un sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà. Mo gbá a létí ni."

Tíṣà ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó na Asisat lẹ́gba mẹ́ta, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Asisat mú àkàrà wá fún Rúùtù, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan. Ó sọ ọ́ lù ú láyà. Rúùtù ṣà á jẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ò ní sọ gbólóhùn kan. Bí inú bá bí Asisat, ògiri ló ń lù, Rúùtù á sì bá a fi omi ṣan ọwọ́.

Ó lé lọ́dún kan kí ìjọ tó gbé pásítọ̀ lọ sí Òwu-Ìsin. Asisat lu dírẹ́bà tó wá kó ẹrù wọn.

Asisat ti dàgbà báyìí, aránṣọ lòun náà. Mo bi í bóyá ọ̀rẹ́ ni òun àti Rúùtù.

"N kò mọ̀," ló wí. "Gbogbo ayé ló ń bi mí ìdí tí mo fi ń jà, pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́. Òun ò bi mí rí. Ó kàn ń sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì ni."