Ṣùkú Tí Ìyá Àgbà Kò Tú

Tí ọmọ-ọmọ mi bá ti ṣí ìgò àdín láti fi pa irun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo máa ń bá ara mi, nílùú kékeré kan lẹ́bàá Fìdítì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, onídìrí ń di ṣùkú fún ìyá àgbà, olorì ọba tí ìjọba lé kúrò nílùú. Akọ̀wé ìjọba kan wọlé, pẹ̀lú ṣòkòtò káki rẹ̀.

“Ìyá, ọba yín ti kú lọ́hùn-ún. Ibà ló pa wọ́n.”

Onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà, nítorí opó kì í dirun. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́.

“Ta ló ní kó o tú u? Máa dì í lọ! Akọ̀wé, ta ló rí òkú?”

“Ìwé ló dé, ìyá.”

“Ìwé kọ́ ló fẹ́ mi. Ẹ gbé òkú wọn wá kí n rí i. Títí dìgbà náà, mo lọ́kọ.”

Mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí òógùn bo akọ̀wé.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò rí òkú náà.

Ọjọ́ tí ìyá àgbà fúnra wọn kú, èmi ni mo fi àdín pa irun wọn. Mo di ṣùkú náà le dáadáa, a sì sin wọ́n bí abilékọ.