Okùn Dókítà

Mo ṣì ń rántí bí dókítà oníṣẹ́-abẹ tó jẹ́ aládùúgbò mi ní Bódìjà ṣe máa ń fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bo ọrùn ọwọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo yà kí i, mo bá a ní pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti fi okùn dè é mọ́ àga. Mo fa fóònù yọ láti pe ọlọ́pàá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pè wọ́n o! Ẹ ó bà mí lórúkọ jẹ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dè mí.”

“Bó bá ti ní ó tó, mo tú u nìyẹn, sà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ṣé eré ibùsùn ni?”

“Rárá o. Láti Mọ́ńdè ni ẹ̀mí èèyàn ti ń wà lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá dè mí báyìí, kò sẹ́ni tó lè ní kí n ṣe nǹkan kan.”

Mo ti fóònù bọ àpò. Ó di ojú.

“Ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì sinmi tó.”