Àmín Ẹ̀yìn Aṣọ

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń ṣàdúà ní Ìkirè, ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni etí mi ṣì máa ń retí. Àmín wọn kì í dúró lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta dí àwa obìnrin ní mọ́ṣáláṣí. Bí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò bá ń gbàdúrà, wọ́n á ṣe àmín sí i níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó.

Ìyá mi á ní, "Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ń gbọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà sọ pé àwọn Júù ló kọ́kọ́ ń ṣe àmín. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé Mẹ́kà, ó wá dé Ìkirè. Ọ̀rọ̀ tó rìn tó báyẹn, ṣé ẹ̀yìn aṣọ yìí ló máa wá kú sí?"

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, iwájú ilé ni àwọn ọkùnrin sin wọ́n sí. Inú yàrá ni àwa obìnrin wà. Lèmọ́mù ṣàdúà, àwọn ọkùnrin ṣe àmín, ó rí tín-ín-rín létí mi. Mo lanu kí n ṣe é bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe máa ń ṣe é. Ẹkún ló jáde.

Ìyá mi, tí àwọn náà ń sunkún, fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń gbọ́."