Orúkọ Ta Ni Ká Kọ Sí Ilé Ìyá Ológì?

Òórùn ògiri amọ̀ tí òjò pa mọ́jú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìkirè fún mi. Àwọn ẹlòmíràn á ní dòdò ni, torí òun ni wọ́n ń rà lójú fèrèsé ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Ifẹ̀. Èmi kọ́. Àdúgbò kan wà lẹ́yìn ọjà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ilé amọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ilé tí baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ́ lára. Sìmẹ́ńtì yẹn ti ń ṣí, páànù ti dípẹtà, bí òjò bá sì ti rọ̀ mọ́jú, òórùn ilẹ̀ tútù, ti èéfín àtijọ́ àti ti ògì kíkan á para pọ̀ kí ọ káàárọ̀. Ògì yẹn, ìyá kan ló ń sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Àjọ kékeré kan tí kì í wá èrè ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa. Àwọn ará àdúgbò ò ráyè orúkọ gígùn, “Ẹn-jí-ò” ni wọ́n ń pè wá, èmi tí mo máa ń há fáìlì sí abíyá kiri sì di Akọ̀wé. Àpòmù ni wọ́n ti bí mi, ọmọ tíṣà ni mí, mo sì gbà nígbà náà pé ohunkóhun téèyàn bá ti kọ sílẹ̀ dáadáa, ó parí nìyẹn. Ọ̀gá wa kọ̀wé títí, àwọn kan lókè òkun fi fún wa lówó ìrànwọ́ láti tún ilé mẹ́sàn-án ṣe ní àdúgbò yẹn: ká pààrọ̀ páànù, ká tún ògiri tó wó mọ, ká la gọ́tà síwájú ilé. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: kí ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé lórí ilé kọ̀ọ̀kan pé òun ni onílé, pé òun ò ní í lé ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, òun ò sì ní í fi kún owó ilé fún ọdún márùn-ún. Wọn ò fẹ́ kí ilé dára tán kí wọ́n wá lé àwọn tó ti ń jìyà nínú rẹ̀ jáde. Èrò tó dáa ni, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn.

Ìyá ológì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti ṣáájú baba rẹ̀ lọ. Òjò ọdún tó ṣáájú ló wó ògiri ẹ̀yìn yàrá rẹ̀, ló bá fi aṣọ ìkélé gé apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn láàárín àwọn ìkòkò ògì rẹ̀. Bí mo bá ti yọ, á ní, “Akọ̀wé mi, páànù wa dà?” Màá ní, “Ó ń bọ̀, mà.” Á ní, “Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?” Á wá bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, á sì jókòó tì mí títí màá fi mu ún tán, bí ẹni pé ebi ló gbé mi wá. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà kó tó wọlé ọkọ, “ọkọ mi” ló ń pè wọ́n, títí kan olórí ẹbí, tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Àwọn náà, pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀ yẹn, “ìyàwó” ni wọ́n ń pè é. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ, n kò kà á sí nǹkan kan.

Nígbà tí mo jókòó ti fọ́ọ̀mù ilé wọn, mo dé ibi tí wọ́n kọ “orúkọ onílé” sí. Àwọn tó fún wa lówó ti sọ pé inú àwọn á dùn bí orúkọ obìnrin bá pọ̀. Mo rò ó wò. Ta ló ń gbálẹ̀ ilé náà? Ta ni òjò ń pa níbẹ̀? Mo kọ orúkọ ìyá ológì gàdàgbà gadagba, inú mi sì dùn sí ara mi. Mi ò bi í. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kò-gbọ́-tẹnikẹ́ni ni mí nígbà yẹn, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ará ilé pé jọ sí àgbàlá kí n ka ìwé sí wọn létí. Bí mo ṣe pe orúkọ ìyá ológì pé òun ni onílé, olórí ẹbí ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ó ní, “Akọ̀wé, tún un kà.” Èmi ọ̀dọ̀yọ̀ tún un kà, mo tilẹ̀ gbé ohùn sókè sí i, mo ṣebí kò gbọ́ dáadáa ni.

“Ṣé mo ti kú ni?” Bí bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. “Ìyàwó tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí! Ṣé wọ́n máa ń wẹ ẹsẹ̀ onílé kó tó wọlé ara rẹ̀ ni?”

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, àwọn obìnrin ilé á da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ẹni tó ti ìta wá ni wọ́n ń ṣe é fún. Ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, ilé ẹbí kì í sì í jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ilé bàbá mi ní Àpòmù, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo mọ àṣà yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àlàfo kékeré kan nínú fọ́ọ̀mù ló mú mi gbàgbé.

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ ìyá ológì. Wọ́n rò pé òun ló rán mi. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Háà, àṣé ilé ló ń sẹ́ mọ́ ògì!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lórí eékún tó ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ nípa rẹ̀.” Olórí ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má gbé búlọ́ọ̀kù kan wọ ilé àwọn. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn.

Nígbà tí mo padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń di ẹrù. Ó lóun ń lọ sílé baba òun ní Ìkirè-Ilé, níbi tó jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́mọdé ti kú tán. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ilé ni mo ní kó o bá mi wá ni? Páànù ni mo ní kó o bá mi wá. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń bọ̀ nílé yìí, kò sẹ́ni tó pè mí lólè rí. Ìwọ lo wá sọ mí di olè lọ́jọ́ alẹ́ mi.”

Ojú tì mí. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò tú ẹrù náà. Mo délé iṣẹ́, mo rò ó fún ọ̀gá mi, ó ní kí n yọ ilé náà kúrò, kí n fi òmíràn rọ́pò, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé gbọ́dọ̀ tẹ àwọn tó ni owó lọ́wọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ilé mẹ́jọ yòókù ló ń rò, òjò sì ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, kì í ṣe páànù nìkan ni mo máa jẹ́ kí ìyá náà pàdánù. Mo ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, èmi tí mo ní mo wá tún ilé rẹ̀ ṣe.

Àpòmù ni mo gbà lọ. Ìyá àgbà kan ń gbé ní ojúlé kejì sí ilé wa, ilé ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ agbo ilé Ìkirè yẹn ni, ẹ̀gbọ́n olórí ẹbí gan-an. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Ìyàwó mi ló ń dẹrù?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó na ọwọ́ sí gèlè rẹ̀. “Lọ pe ọkọ̀ wá.”

Bí a ṣe dé Ìkirè, olórí ẹbí tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Wọ́n gbé àga wá, kò jókòó. Ó ní kí wọ́n pe ìyá ológì wá, kí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá bi àbúrò rẹ̀ pé, “Ta ló wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó yìí?”

“Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ni mo wí nígbà tí mò ń da omi?”

Ìyá àgbà náà dá ara rẹ̀ lóhùn. “Mo ní, ‘Wọlé, kó o gbó síbẹ̀.’ Ìyàwó, ilé yìí kì í ṣe tìẹ. Àbúrò mi, kì í ṣe tìẹ náà. Kì í ṣe tèmi. Àwọn tó ti lọ àti àwọn tí a ò tíì bí ló ni ín. Ṣùgbọ́n omi tí mo dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá lè kó o padà sínú igbá, òun ni kó wá lé e.”

Ó wá kọjú sí mi. “Ìwọ ọmọ tíṣà, ṣé ìwé rẹ ò ní àyè fún òótọ́ ni?”

Mo wo fọ́ọ̀mù náà. Àlàfo fún orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo bá yí i padà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún mi: pé ilé ẹbí ni, pé ẹnì kan ò lè tà á, pé olórí ẹbí ló fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn, àti pé ìyàwó tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé yóò máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bàbá fọwọ́ sí i, mẹ́fà nínú àwọn àgbà ilé tẹ̀ka. Ìyá ológì lọ tú ẹrù rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀gá mi rí ẹ̀yìn ìwé náà, ó pòṣé. Ó ní àwọn tó ni owó á kọ̀ ọ́. Wọ́n béèrè, wọ́n tún béèrè, a ń ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n gbà, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àwọn bíríkìlà fi ìkánjú mọ ògiri náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n kan páànù tán, ìyá ológì gbé orí sókè, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹsẹ̀ ló fi rìn lóòótọ́.” Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tá a jọ rín láti ọjọ́ ìpàdé nìyẹn.

Ilé kan tún wà nínú mẹ́sàn-án náà, lókè àdúgbò, tí onílé rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tèmi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ kan, bírò kan, kò sí wàhálà. Ọ̀gá mi yìn mí lórí rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ilé náà dára tó fi lé gbogbo àwọn ayálégbé rẹ̀, tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. A kọ̀wé sí i títí, ó rẹ̀ wá. Ìbuwọ́lù rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì, ó mọ́ tónítóní.

Ọdún kẹta ni ìyá ológì kú, lórí ibùsùn rẹ̀, nínú yàrá rẹ̀. Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà náà, àmọ́ mo lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán ni àwọn ọmọ baba rẹ̀ dé láti Ìkirè-Ilé, wọ́n ní àwọn wá gbé òkú ọmọ àwọn lọ sílé baba rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kò sẹ́ni tó lè jà wọ́n níyàn. Olórí ẹbí ti darúgbó gan-an, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó dìde, ó kí wọn kú ìrìn, ó kí wọn kú aájò. Ó wá fi ọ̀pá yẹn gbá ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Ilé rẹ̀ nìyí,” ló wí. “Ibo lẹ tún fẹ́ gbé e lọ?”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì jókòó. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ní kí bàbá fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bírò já gbà lẹ́nu rẹ̀ níjọ́sí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́, níwájú gbogbo èèyàn. Mo fi ìborùn bo ojú mi, mo sunkún.