Kápẹ́ẹ̀tì Onírọ́bà Pálọ̀ Wa

Ohun tí ìyá mi kórìíra jù nínú ilé wa ní Ìwó ni ibi tí ilẹ̀ pálọ̀ ti sán. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ gba àárín pálọ̀ bí ọ̀nà oko, ó sì já sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ni ìyá mi, ìmọ́tótó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àìsàn sí i lára. Bí àlejò bá ń bọ̀, orí ibi tó sán yẹn ni yóò sáré to àga sí.

Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà gbòde, ó mú mi dání lọ rà á ní ọjà Odò-Orí. Olódòdó pupa wù mí. Ó ní pípọ́n rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó wo èyí tó dà bíi pákó, ó ní yóò mú pálọ̀ ṣókùnkùn. Onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé àti funfun ló mú níkẹyìn, ó sì ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ọkùnrin ará Olúpọ̀nnà kan ló bá wa tẹ́ ẹ. Ó fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó sán, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tú rọ́bà sóòrùn kó lè rọ̀, ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fi bíléèdì gé etí rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ìyá mi bọ́ bàtà, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn fún un.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ń jáde lọ ṣe àlùwàlá. Ojú wọn ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé rọ́bà náà, wọ́n fi ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri, wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú, orúnkún wọn gbá àga. Ìyá mi sáré dì wọ́n mú.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n sọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀, “ibi tó sán yẹn ni mo fi ń ríran.”

Àṣé òun ni ẹsẹ̀ wọn ń tọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, títí dé ìdí búùtà àlùwàlá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà, mímú la ń mú wọn jáde. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ wọ́n dín ìjáde kù. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fi gbogbo ẹni tó ń kọjá ṣẹ̀fẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wá ń wà. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá mi ò lè fara dà á. Ó ránṣẹ́ pe ará Olúpọ̀nnà padà, ó já okùn tó fi ń sáṣọ, ó ní kó ṣí rọ́bà, kó sì na okùn náà sábẹ́ rẹ̀ ní ojú ibi tó ti sán gan-an. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní yóò wú sókè, ẹni tó bá rí i yóò ní òun ò mọṣẹ́. Ìyá mi ní kó máa sọ fún wọn pé onílé ni kò gbọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tẹ okùn náà. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wúre fún ìyá mi títí wọ́n fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àlejò ń kọsẹ̀, wọ́n ń bú ẹni tó tẹ́ ẹ; mélòó la fẹ́ kà nínú eyín adípèlé? Ẹ̀rín ni ìyá mi ń rín. Obìnrin tó máa ń to àga bo ilẹ̀ tó sán ló wá ń gbé àga kúrò lórí okùn.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, àwọ̀ ewé ti ṣí kúrò ní gbogbo ojú ọ̀nà wọn. Bàbá mi ní ó tó àkókò kí wọ́n yọ okùn náà, kí ilẹ̀ lè tẹ́jú.

“Ẹ jẹ́ kó wà, Bàbá,” ni ìyá mi wí. “Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé Ìyá wà níwájú, tí mò ń tẹ̀ lé wọn.”